Ìwé Tí A Fi Di Ẹja

"Illegible," ni Rebecca wí, ó sì ju ìwé kan tí òróró ẹja ti mu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ní kí ló dé tí kò lè sọ pé kò ṣeé kà bíi ti gbogbo èèyàn. Ó ní tí òun bá fẹ́ sọ ìyẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló máa ná òun, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan péré ti tó. Mo yọ ṣùtì sí i. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó sì ti mọ́ mi lára.

Ọjọ́ Sátidé ni, a wà nílé wọn ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, létí ọ̀sà. Ìyá Rebecca ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, èéfín ń wọ̀ wá lójú, èmi àti ọmọ rẹ̀ sì jókòó sórí àpótí, à ń ya ìwé tí wọ́n máa fi di ẹja fún oníbàárà. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n Rebecca Ikúmápàyí kì í ya ìwé tí kò bá tíì kà. Ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, kàlẹ́ńdà, ìwé ìpolówó oògùn, ojú ewé inú ìwé àwọn ọmọ yunifásítì, gbogbo rẹ̀ ló máa ń kà. Tó bá rí ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn, bíi "at this point in time", inú rẹ̀ á dùn, á fa nóòtì rẹ̀ yọ. Á kọ gbólóhùn gígùn yẹn sápá òsì, á wá kọ "now" sápá ọ̀tún. "Put up with" lápá òsì, "tolerate" lápá ọ̀tún. Nóòtì náà ti pé mẹ́ta kí a tó wọ SS2.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo ń jowú rẹ̀. Bàbá mi, Ràmọ́nù, ló ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Àárín ìwé ni mo dàgbà sí, orí ìwé ni mo máa ń sùn lọ́sàn-án nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọ̀dọ̀ wa gan-an ni ìwé tí Rebecca ń kà ti ń wá, torí gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń ru èyí tó bá bàjẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ lọ fún ìyá rẹ̀. Èmi tí mò ń rù ú kò ka ẹyọ ìlà kan níbẹ̀ rí. Òun tó ń fi di ẹja ló wá ń gba ipò kìíní Gẹ̀ẹ́sì mọ́ mi lọ́wọ́ láti JSS1. Kò tiẹ̀ gbéra ga tí n bá fi ráyè bínú sí i. Tí mo bá bi í ní nǹkan, á sọ fún mi, tí mo bá gbàgbé, á tún un sọ.

Ọdún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣètò ìdíje fún àwọn iléèwé girama tó wà ní Ṣómólú àti Bàrígà. Àádọ́ta gbólóhùn gígùn ni wọ́n máa kọ sílẹ̀, àwa á sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iléèwé kọ̀ọ̀kan á mú ọmọ méjì wá. Rebecca ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní tiwa, wọ́n sì mú èmi Mojíbọ́lá ṣìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá gba ipò kìíní á lọ lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ ìgbáradì fún ìdánwò, lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan gbáko ní Obanikoro, wọ́n á sì ra fọ́ọ̀mù JAMB fún un.

Fún èmi, ohun tí mo fẹ́ fi yangàn ni. Fún Rebecca, ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ ti kú, àbúrò mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún un, kì í ṣe tìbínútìbínú o, pé tó bá ti ṣe WAEC tán, ìdí ààrò ẹja ló ń bọ̀, torí kò sẹ́ni tó máa rán an lọ lẹ́sìn. Rebecca ò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó kàn tẹra mọ́ nóòtì rẹ̀ ni.

Bí a ṣe ń ya ìwé lọ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní kí n wá wo nǹkan. Mo bojú wò ó, mo rí orúkọ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yẹn lókè ìwé náà, mo rí ọjọ́ ìdíje, Sátidé tó ń bọ̀. Ìbéèrè kìíní ni "a person who sells fish". Mọ́kàndínláàádọ́ta yòókù tò tẹ̀ lé e.

Bàbá mi ló ń tẹ ìwé ìdíje náà. Tí ìwé ìdánwò bá bàjẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ, abẹ́ tábìlì ló máa ń kó o sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń dáná sun ún. Ó ti kìlọ̀ fún mi títí, pé èyí tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà ni kí n máa kó, kí n má fọwọ́ kan ti abẹ́ tábìlì. Lánàá tí mò ń kánjú, ti ẹnu ọ̀nà ò kún ẹrù, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kó ti abẹ́ tábìlì mọ́ ọn. N ò tiẹ̀ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára.

Kí n tó lanu, Rebecca ti da ojú ìwé náà délẹ̀. Ó ní ìbéèrè kìíní nìkan lòun kà.

Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ìyá rẹ̀ ń gbọ́, mo wá rọra sọ fún un pé àdúrà wa ló gbà. Mo ní kí òun gba ipò kìíní, kí èmi gba ìkejì, n ò jà. Ta ló fẹ́ mọ̀? Ó ní ìyá òun ti fi irú ìwé yẹn di ẹja fún èèyàn láàárọ̀, pé ó ti wọ ìgboro nìyẹn, àfi ká tètè lọ sọ fún bàbá mi. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé ṣá. Tí bàbá mi bá gbọ́, mo gbé. Tí àwọn olùkọ́ yẹn bá gbọ́, wọn ò ní gbé iṣẹ́ wá fún bàbá mi mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò ràn án, mo bi í bóyá ìdí ààrò yìí ló wù ú láti kú sí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀, ojú sì ń tì mí títí dòní pé mo sọ ọ́.

"Ó wù mí kí n lọ lẹ́sìn yẹn ju bó o ṣe rò lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ka ìwé yìí, n ò ní mọ̀ láéláé bóyá mo mọ̀ ọ́n."

Ó kó gbogbo èyí tó kù sínú nílọ́ọ̀nù dúdú kan, ó so ó. Kò mọ̀ pé mo ti ká ẹyọ kan sábẹ́ híjáàbù mi. Ó ní ká jọ máa lọ sí Ṣómólú, mo ní n ò lọ, ó ní òun á dá lọ. Mo fi ìbínú jáde nílé wọn, n ò sì dágbére fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi wọlé nírọ̀lẹ́, mo ti múra sílẹ̀ de ẹgba. Ó jẹun. Ó béèrè bí mo ṣe ń múra ìdíje sílẹ̀, mo ní dáadáa ni. Ó tún béèrè bóyá nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún òun. Mo ní rárá. Ó wò mí fúngbà díẹ̀, ó ní ó dáa. Ni mo bá gbà lọ́kàn mi pé Rebecca ò lè lọ mọ́, pé ẹ̀rù ló bà á, ó ti ju nílọ́ọ̀nù yẹn sọ́sà.

Bí mo ṣe pa ìwé gidi tì nìyẹn. Mo wá ìdáhùn sí àádọ́ta ìbéèrè yẹn, mo há a sórí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, n ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Lọ́jọ́rú, Rebecca wá bá mi níléèwé, ó rọra béèrè bóyá èmi àti bàbá mi ti jọ sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ wo, mo kẹ̀yìn sí i. Mo rò pé èmi ni mo gbọ́n.

Gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Ladi-Lak ni ìdíje náà ti wáyé. Mà Sabina ni olórí àwọn olùkọ́ yẹn, ìyá àgbà kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n pín ìwé, mo ṣí i, mò ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìbéèrè kìíní kì í ṣe ti ẹlẹ́ja. Ìkejì kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Mo yí i wò lẹ́yìn, mo yí i wò níwájú, kò sí ẹyọ kan tí mo há sórí níbẹ̀. Òógùn bò mí nínú híjáàbù. Máàkì mọ́kànlá ni mo gbà nínú àádọ́ta, wọ́n sì kà á sókè.

Rebecca gba mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọmọkùnrin kan láti Obanikoro, Ayọ̀tọ̀míwá, náà gba mẹ́rìndínláàádọ́ta. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì jáde síwájú, pé wọ́n máa fa ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yọ fún wọn láti inú àpòòwé. Ti Ayọ̀tọ̀míwá le, kò rí i sọ. Ó wá ku Rebecca. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù láàárín òun àti lẹ́sìn ọ̀fẹ́. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́wọ́ ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn, ó di ọwọ́ mi mú gírígírí.

Mà Sabina fa ìwé kan yọ, ó kà á: "A person who sells fish."

Àwọn ọmọ iléèwé wa bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Ta ni ò mọ̀ pé Rebecca mọ̀ ọ́n? Pírámárì fọ́ọ̀ ló ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú nóòtì, "fishmonger", kó tó di pé ẹnikẹ́ni lálàá ìdíje. Ṣùgbọ́n ó nawọ́ sókè. Ó dúró kí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀ ná.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló fi Gẹ̀ẹ́sì wí, "ìbéèrè yìí wà nínú ìwé tí mo rí yẹn. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀. Ẹ bi mí ní òmíràn."

Ìyá rẹ̀ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bi mí kí ló dé tí ọmọ òun ò dáhùn, ṣé kò mọ̀ ọ́n ni. Omi ti ń bọ́ lójú mi.

"Ó mọ̀ ọ́n, mà," ni mo wí. "Iṣẹ́ yín ni wọ́n bi í."

Mà Sabina bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó sọ fún gbogbo wa pé Sátidé tó kọjá, bàbá kan tó ń tẹ̀wé àti ọmọbìnrin tó dúró níwájú yìí gbé nílọ́ọ̀nù kan wá bá òun nílé, wọ́n ní ìbéèrè ti jáde síta. Ó ní gbogbo ìbéèrè lòun yí padà, òun kàn gbàgbé èyí tó wà nínú àpòòwé yìí ni. Bàbá kan tó ń tẹ̀wé. Láti Sátidé ni bàbá mi ti mọ̀.

Ó fa ìwé mìíràn yọ, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó kà á: "That cannot be read."

Mo rántí ìwé olóròóró tó jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rebecca rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì sọ ọ́: "Illegible." N ò tíì gbọ́ irú ariwo tó sọ lójijì ní gbọ̀ngàn yẹn rí. Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ dúró kí n ṣàlàyé, ó ti ń sáré lọ síwájú.

Èmi gba Ṣómólú lọ. Bàbá mi ń nu ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀, mo fa ìwé tí mo ká mọ́ra yọ, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò gbé ọwọ́ sókè.

"Láti Sátidé ni mo ti ń retí ẹ," ló wí. "Ọ̀rẹ́ ẹ ló bẹ̀ mí pé kí n má bá ẹ wí. Ó ní o máa wá sọ fúnra ẹ."

Ẹgba ìbá sàn fún mi ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Bàbá mi tún gbogbo ìwé ìdíje yẹn tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí Mà Sabina ní ẹni tó bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ àṣìṣe rẹ̀ lòun fẹ́ máa gbéṣẹ́ fún. Ohun tí mo kọ́ ò ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ tí mo jí, ìbéèrè yí padà, gbogbo rẹ̀ di asán. Èyí tí Rebecca fi sùúrù kó jọ nínú ìwé tí a fi ń di ẹja, kò sẹ́ni tó lè yí ìyẹn padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn ní Obanikoro báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé, a ṣì jọ máa ń ya ìwé, èmi náà sì ń kà kí n tó ya. Mo ti ra nóòtì, mo fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́, lápá òsì, mo fi Yorùbá kọ ọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì mi ò tíì tó o: ẹni tó mọ ìdáhùn, tí gbogbo ohun tó fẹ́ láyé so mọ́ ìdáhùn náà, tó sì ní kí wọ́n bi òun ní òmíràn. Lápá ọ̀tún, mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Rebecca.