Ire Márùn-ún Tí Sìdíkátù Fi Pamọ́

"Kùdírátù náà ló tún ni èyí!" Sìdíkátù rẹ́rìn-ín bó ti ń tú ìwé náà, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú. "Kí Ọlọ́run fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n rẹ."

"Àmín!" ni gbogbo kíláàsì dá a lóhùn.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó ṣíwọ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Ladjifarani. Mùsíò Ọlátúnjí, olùkọ́ wọn, ló gbé ètò náà kalẹ̀, ó sì pè é ní Àpótí Ire. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ire tó ń fẹ́ fún ẹlòmíràn sínú ìwé pélébé, yóò ká a, yóò kọ orúkọ ẹni tó ni ín sẹ́yìn rẹ̀, yóò sì jù ú sínú àpótí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọrọ fún ara rẹ̀. Sìdíkátù, olórí kíláàsì, ni í ka díẹ̀ sókè, tó sì máa ń pín ìyókù fún àwọn tó ni wọ́n.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, mẹ́sàn-án ló kan Kùdírátù. Ọ̀kan ṣoṣo ló kan Sìdíkátù: "Kí ohùn rẹ má há, kó o lè máa rí wa bá wí." Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó wà níkùn rẹ̀ korò ju ewúro lọ.

Owú ń jẹ ọmọ náà. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Láti ọdún tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti ń ṣe ipò kìíní, bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní ọjà Zongo a sì máa fi í yangàn lójú àwọn oníbàárà. Àfi bí Kùdírátù ṣe dé láti Kandi ní oṣù kẹwàá, tòun ti bàtà tó já lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó gba ipò kìíní nínú ìṣirò, tó gbà á nínú Faransé, tó tún wá gba ọkàn àwọn ọmọ kíláàsì mọ́ ọn. Èyí tó dun Sìdíkátù jù ni pé Kùdírátù kò yájú sí i rí. Bó bá tiẹ̀ ń gbéra ga ni, òun ì bá rí nǹkan sọ.

Síbẹ̀, Kùdírátù ní ìṣòro tirẹ̀. Iná ti jó ilé wọn ní Kandi, ìwé ìbí rẹ̀ sì bá a lọ. Láìsí ìwé ìbí, wọn kò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún BEPC, ìdánwò ìjọba tí wọ́n máa ṣe ní oṣù kẹfà, ìforúkọsílẹ̀ ọ̀hún kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́ kó tó parí. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ike ní Zongo, ti ṣubú lórí alùpùpù zémìjàn tó gbé e bọ̀ láti ọjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, kò lè rìnrìn àjò. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ ní Kandi kò ní ọ̀rọ̀ méjì ju "ọ̀la, ọ̀la" lọ. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Sìdíkátù gbé àpótí lọ sílé láti to ìwé inú rẹ̀. Ó rí orúkọ Kùdírátù lẹ́ẹ̀kan, ó rí i lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi di márùn-ún. Ó wá tirẹ̀ títí, kò rí ẹyọ kan.

"Ṣé èmi kì í ṣe ènìyàn ni?" ló ń bi ara rẹ̀. "Bí kò bá rí ire gbà lọ́sẹ̀ kan, ṣé yóò kú ni?"

Kò tilẹ̀ tú wọn wò. Ó kó márààrún sínú àpò tó fi ń lọ ilé kéú, ó sì tì í sẹ́yìn ibùsùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó ka ire, ó pín ìwé. Kùdírátù jókòó, ó ń retí. Nígbà tí àpótí ṣófo, ó wolẹ̀, ó ń fi ìka fa ilà sórí tábìlì. Inú Sìdíkátù dùn; irọ́ ni mo pa bí mo bá ní kò dùn. Ó jẹun àjẹyó nílé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ yí po, ìforúkọsílẹ̀ parí, orúkọ Kùdírátù kò sì sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, lásìkò ìsinmi, Sìdíkátù ń mu omi nídìí ẹ̀rọ nígbà tó gbọ́ ohùn Mùzàmmílù lẹ́yìn rẹ̀, tó ń bá Kùdírátù sọ̀rọ̀. Mùzàmmílù, ọmọ kíláàsì wọn, kì í bá obìnrin sọ̀rọ̀ kó má wolẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà inú ń bí i.

"Kùdírátù, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Ṣé ẹ̀yin kì í gba ìrànlọ́wọ́ ni?"

"Ìrànlọ́wọ́ wo?"

"Èyí tí mo kọ sínú Àpótí Ire! Bàbá mi kékeré ló ń wa mọ́tò lọ Kandi, ó sì ní ọ̀rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìbí. Mo ní kí ẹ rán ẹnì kan wá bá a ní ibùdókọ̀ Zongo lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ti àná. Ó dúró dè yín títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Mùzàmmílù, n kò gba ìwé kankan lọ́sẹ̀ yẹn."

Sìdíkátù tu omi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó yọ́ kúrò níbẹ̀.

Bí wọ́n ti ṣíwọ́ ló sáré délé, ó tú àpò náà. Ìwé karùn-ún ni ti Mùzàmmílù. Ó ti rò pé ìyìn lásán lòun fi pamọ́. Àṣé ọ̀nà Kandi lòun dí. Ìyá rẹ̀ ń dáná lẹ́yìnkùlé. Èṣù ní kó sọ wọ́n síná, ta ni yóò mọ̀? Ó dúró níwájú ààrò náà pẹ́, ìwé lọ́wọ́, kó tó yí padà sí ọ̀nà ilé-ìwé.

"Mùsíò, èmi ni," ló wí fún olùkọ́ wọn. "Èmi ni mo kó wọn."

Mùsíò Ọlátúnjí kò lù ú, kò bú u. Ó mú un lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, ìyẹn sì fóònù síbi tó yẹ. Èsì kò gùn: wọ́n ti fi orúkọ ránṣẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, lójú gbogbo kíláàsì ni wọ́n ti gba ipò olórí lọ́wọ́ Sìdíkátù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti ìyá rẹ̀ lọ sílé Kùdírátù. Wọ́n bá ìyá Kùdírátù lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n dì síwájú. Sìdíkátù kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe.

"Màámá, ẹ forí jì mí. Kùdírátù, jọ̀ọ́."

Kùdírátù kò sunkún. "Àwọn ìwé náà dà?"

Sìdíkátù nà wọ́n sí i. Kò gbà wọ́n.

"Ṣebí ìwọ ni í kà á fún wa? Kà á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Kí ẹsẹ̀ màámá Kùdírátù san." "Àmín," ni ìyá náà dáhùn. "Kí bàtà yìí jẹ́ èyí tó máa já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kẹ́yìn." "Àmín." "Kó kọ́ mi ní ìṣirò, kí Ọlọ́run kọ́ òun náà ní èyí tí kò mọ̀." "Àmín." "Kó má padà sí Kandi mọ́, kó máa bá wa gbé." "Àmín o."

Ó ṣí ìwé karùn-ún. "Kùdírátù, kí ìwé ìbí rẹ tètè dé. Bàbá mi kékeré, Zàkárí, ń lọ Kandi lọ́jọ́ Ajé..." Ohùn rẹ̀ há. Ó tiraka kà á dópin. Ìyá Kùdírátù fi ìborùn bojú.

"Àmín," ló wí. "Ó ti kọjá, ṣùgbọ́n àmín."

"Èmi náà fẹ́ tọrọ ire kan," ni Sìdíkátù wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kí Kùdírátù ṣe ìdánwò yìí lọ́dún tó ń bọ̀, kó sì ṣe ipò kìíní."

Ìyá náà ṣe àmín. Kùdírátù kó ìwé márààrún nílẹ̀, ó tò wọ́n léra.

"Mo ti gbọ́," ló sọ. "Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ máa lọ."

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí Sìdíkátù ń wọ yàrá ìdánwò, Kùdírátù ń to ike ní Zongo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra. Ire tí wọ́n ń fẹ́ fún ẹlòmíràn kò bu tiwa kù. Ẹni tó bá jẹ́ kí owú ti òun débi tó fi dí ọ̀nà ire ẹnìkejì lè tọrọ àforíjì, wọ́n sì lè forí jì í. Ṣùgbọ́n ọdún kan tó gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn, kò sí ibi tí yóò ti rí i dá padà.