Ìfọwọ́sí Kejì

Bàbá Ògúnjìnmí to ṣẹ́ẹ̀kì arìnrìn-àjò mẹ́ta sórí tábìlì, ó ní kí Véronique, ọmọọmọ òun, wò wọ́n dáadáa. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti rà wọ́n ní báńkì, nígbà tó fẹ́ lọ ra aṣọ wá láti Paris, kí àìsàn ìyàwó rẹ̀ tó dá ìrìn-àjò náà dúró. Ó ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, ẹni tó bá kó owó rin ọ̀nà jíjìn, olè ló ń kó o fún. Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi dá irú ìwé yìí sílẹ̀ ní ohun tó lé ní igba ọdún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bó bá sọnù, wọn yóò san án padà. Ẹni tó rà á yóò fọwọ́ sí òkè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìsàlẹ̀ yóò ṣófo títí dọjọ́ tó bá fẹ́ gbowó, kí ẹni tí yóò sanwó lè fojú ara rẹ̀ rí i bó ṣe ń fọwọ́ sí i.

"Owó BAC, ìdánwò àṣejáde girama rẹ, nìyí," ni Bàbá wí. "Lọ́jọ́bọ̀, a ó jọ lọ sí báńkì ní Porto-Novo."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n láti ìgbà tó ti ṣàìsàn. Ẹ̀rù ń ba Véronique pé báńkì yóò kọ ìfọwọ́sí rẹ̀. Faridatou ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó da ti òkè kọ sísàlẹ̀, c'est fini, ó parí. Véronique fi ìwé mìíràn kọ́ ọ títí ó fi jọra, ó sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ṣẹ́ẹ̀kì náà láìsọ fún Bàbá.

Ní báńkì, Thérèse akọ̀wé ya èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ṣófo mọ́ sọ́tọ̀, ó béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i. Bàbá wo ìwé náà, ó wo ọmọọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ sọ pé òun ni.

"Èmi ni, madame," ni Véronique wí. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

Thérèse ní ìyẹn ti bàjẹ́, báńkì kò ní san án. Ó ní kí Bàbá fọwọ́ sí méjì yòókù. Ọwọ́ Bàbá gbọ̀n, orúkọ náà sì wọ́. Thérèse fi wé ti òkè, ó yẹ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wò.

"Mo rí yín bí ẹ ti ń kọ ọ́," ló wí. "Ó tó."

Lẹ́yìn oṣù kan, owó ṣẹ́ẹ̀kì méjèèjì dé. Ó tó san owó ìdánwò, kò tó ra ìwé. Bàbá kò bá a wí. Ó kàn sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Véronique lọ ń bó gbáàgúdá ní ìlú Lagbé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé títí ó fi rówó ìwé, ó sì yege nínú ìdánwò náà. Ó ti wá mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ tí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ gan-an ló máa ń pa lára.