Ohùn Tó Gba Gbogbo Ọ̀nà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé fóònù yín ti dún rí, tẹ́ ẹ gbé e, tó jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ló dá yín lóhùn? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àlọ́, kó wá àwọn ọmọdé lọ. Èmi ò ráyè irọ́.

Aránṣọ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀yìn ti òpó nẹ́tíwọọ̀kì. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ojú kan àdá, ń rọbí nílé ìwòsàn ìlú tó jìnnà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì pè é.

"Màmá, ọmọ inú ti dábùú. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Ọmọ yín ní òun ò ní gbà àfi tóun bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹ pè é kíá!"

Kó tó dáhùn, fóònù já.

Ó pe ọmọ rẹ̀. Kò lọ. Fóònù dún, nọ́ọ̀sì ni. Ó gbé e. Kò sóhùn. Ó tún dún. Ó tún gbé e. Kò sóhùn.

"Àbí wọ́n ń fi mí ṣeré ni?"

Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà ò ṣófo. Ó dà bíi ti ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. Lọ́hùn-ún, jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ń yí. Ó wo tirẹ̀. Tirẹ̀ dúró gbagidi.

Òjò ti ṣú. Ojúlé dé ojúlé, fóònù ń dún. "Hàlóò? Hàlóò?" Kò sẹ́ni tó rí èsì.

Ó gba ìdí òpó lọ, tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Ẹnjiníà tó ń tọ́jú òpó náà jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú yàrá kótópó.

"Ìwọ ọmọ yìí, irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an? Fóònù tó ń dún tí ò lè sọ̀rọ̀, ṣé agogo ni mo rà?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan tín-ín-rín, òun ló ń mú ìpè wá kanlẹ̀kùn. Ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìkejì ni ohùn ń gbà. Ó dà bíi yàrá tí à ń fún àlejò kó lè jókòó sọ̀rọ̀. Gbogbo yàrá ló ti kún."

"Lé wọn jáde!"

"Kì í ṣe wọn, Màmá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ẹ̀. Mi ò rírú ẹ̀ rí."

"Ta ni onísọkúsọ náà? Ọmọ mi ń kú lọ!"

Ẹnjiníà yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà tín-ín-rín ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbà, kí wọ́n fi ìyẹn ránṣẹ́. Aránṣọ sọ ọ́, ẹnjiníà bá a tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ̀: "Gbà kí wọ́n ṣe é. Èmi ìyá rẹ ni."

Wọ́n dúró. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn. Èsì wọlé. Bí ẹnjiníà ṣe ń kà á ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

"Màmá, kí lẹ tún ń tẹ̀ ránṣẹ́? Ṣebí a jọ wà lórí fóònù láti ọ̀sán. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má gbà."

Aránṣọ di etí tábìlì mú.

"Já a."

"Tí mo bá já a, gbogbo àdúgbò—"

"Mo ní kó o já a, olóríkunkun!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo fóònù àdúgbò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ti aránṣọ nìkan dún.

"Màmá? Kí ló dé tẹ́ ẹ já fóònù?"

"Gbà!"

"Ṣebí ẹ ní—"

"Kì í ṣe èmi lò ń gbọ́! Mo ní kó o gbà, jọ̀ọ́, ọmọ mi!"

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Mo ti gbà, Màmá."

Kílẹ̀ tó ṣú, nọ́ọ̀sì pè. Ọmọ ti ké. Ìyá rẹ̀ ti lajú.

Aránṣọ sunkún díẹ̀, ó nu imú, inú sì tún bí i.

"Ó yá. Dárúkọ ẹni náà, kí n lọ bá a nílé."

"Ẹ jẹ́ kó lọ, Màmá."

"Kó lọ síbo? Ṣé àna ọmọ mi ni? Àbí oníbàárà tí mo rán aṣọ rẹ̀ há? Dárúkọ ẹ̀!"

Ẹnjiníà ò lè wo ojú rẹ̀.

"Nọ́ńbà yín ni," ó ní. "Màmá, ẹ̀yin ni."