Ẹni Tí Ó Ń Dáhùn Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Àpèkẹ́

Ohun tó kọ́kọ́ ya Bushrah lẹ́nu ni bí àlàfo inú kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe gùn tó. Ìyá rẹ̀ á kí ènìyàn kan, á dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì, kó tó wá kí ẹlòmíràn.

Buraimoh bàbá rẹ̀, tó jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà ní àdúgbò Nkembo, nílẹ̀ òkèèrè, rẹ́rìn-ín. "Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Fóònù dà nígbà náà? Ohùn la fi ń ránṣẹ́ sílé. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ, wàá dáhùn, àfi bí ẹni pé onítọ̀hún wà níwájú rẹ."

Oyún Bushrah ni Àpèkẹ́ ìyá rẹ̀ ní nígbà tó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ tó bí i náà ló kú. Gbogbo àdúgbò ló ń gbé kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ti wáàsí wá fún Bushrah pé kó bá wọn kó o sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òun alára kò gbọ́ ohùn ìyá tó bí i rí. Wàrísù, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kásẹ́ẹ̀tì yìí ti ilé dé. Bushrah ti pinnu pé ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ní ṣú kí òun má gbọ́ ọ yékéyéké.

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ní bọ́tìnnì tó ń dín ariwo inú téèpù kù. B wà, C sì wà. Èyí tí wọ́n bá fi gba ohùn sílẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sára eléyìí. Láìtẹ ohunkóhun, ariwo bo ìyá rẹ̀ bí òjò orí páànù. Ó tẹ B, ohùn náà yọ díẹ̀. Ó tẹ C.

Ariwo pòórá. Àfi bí ẹni pé Àpèkẹ́ wà nínú ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá mi, ẹ kú ilé o."

"Oo, ọmọ mi," ni arúgbó kan dáhùn nínú àlàfo náà.

Bushrah wo ẹ̀rọ. Ẹni tó ń gbọ́ téèpù kì í fi ohùn tirẹ̀ sínú rẹ̀. "Bàbá, ta nìyẹn?"

"Ìyá àgbà rẹ ni." Buraimoh kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àpèkẹ́ kí bàbá rẹ̀, ìyẹn dáhùn. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà dáhùn. "Wàrísù ńkọ́?" Kò sí èsì.

"Kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ," ni Buraimoh wí wúyẹ́wúyẹ́. "Òun nìkan ló ṣẹ́kù. Gbogbo àwọn tó dáhùn, wọn ò pẹ́ láyé. Pa á, ọmọ mi."

"Attends, bàbá, ẹ dúró ná. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí." Omijé ti bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ náà mú.

"Bushrah ńkọ́?"

Wọ́n ti sin Àpèkẹ́ tán kí wọ́n tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Bushrah. Buraimoh nawọ́, ó pa ẹ̀rọ, téèpù sì dúró, kò yí mọ́. Síbẹ̀ ohùn náà tún dé, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń pe ọmọ wá jẹun.

"Bushrah. Ṣé o ò gbọ́ mi ni?"

Ẹnu rẹ̀ ti ń là. Ta ni ìyá rẹ̀ á pè tí kò ní jẹ́? Buraimoh fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu gbọningbọnin, ó sì kọjú sí ẹ̀rọ.

"Kò sí nílé, Àpèkẹ́. Èmi ni mo wà níbí."

"Bàbá Bushrah," ni Àpèkẹ́ wí, ìdùnnú sì hàn nínú ohùn rẹ̀. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta."

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta," ni Buraimoh fèsì. Ọwọ́ tó fi bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ti ń tutù.