Epo Tí Naikoro Kì Í Kà

Ọjọ́ tí Merewai sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní abúlé Naikoro, ó ru pátákó sólà sórí, omi òkun mù ún dé àyà, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹja inú omi gan-an dúró wò ó. Apisai, tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ abúlé, tí ohùn rẹ̀ máa ń bo ti ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mí.

"Aúntí, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé òrùlé yín lẹ gbé wá ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó yẹ kó gbà á lórí mi ló ń la ẹnu sílẹ̀ yẹn."

Láti Suva, olú ìlú wọn, ni ìjọba ti rán an, kó wò ó bóyá dísẹ̀lì, odò ẹ̀yìn abúlé, tàbí sólà ni iná rẹ̀ máa dínwó jù fún ogún ọdún. Èyí tó bá kọ ni wọ́n máa gbé wá. Apisai mọ̀ pé bí sólà bá wọlé, iṣẹ́ òun parí.

Wọ́n gun òkè lọ wo odò náà. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ìtọ̀ ọmọ ọwọ́ pọ̀ jù ú lọ.

"Àgbá dísẹ̀lì mélòó lẹ ń lò lóṣù?"

"Méjì péré! Ẹ́ńjìnnì tèmi, bó bá ti gbóòórùn epo, ó ti yó."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Apisai fi ń bá a gbé ẹrù, tó ń sun ẹja fún un, tó ń pa á lẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Merewai pa ìwé dé. "O ti borí, Apisai. Dísẹ̀lì ló dínwó jù. Ó kàn ń dùn mí ni. Ká ní sólà ni, fíríìjì oògùn nọ́ọ̀sì ì bá máa tutù tọ̀sán-tòru."

Ó yẹ kí Apisai jó. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó mú un lọ sẹ́yìn ilé ìjọsìn, ó fi òkìtì àgbá òfìfo hàn án.

"Márùn-ún ni lóṣù. Èyí tá a fi ń kọrin ìsìn àtèyí tá a fi ń ṣọ́ òkú, a kì í kà á níbí. Ohun téèyàn fún Ọlọ́run, ta ní ń kà á? Ẹnikẹ́ni lábúlé yìí ló máa pè é ní méjì. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó o ń bi mí, mo dákẹ́."

"Kí ló dé?"

"Iṣẹ́ mi ni mo ń dáàbò bò."

"Kí ló wá dé tó o fi sọ ọ́ báyìí?"

"Mi ò fẹ́ kí orúkọ rẹ wà nídìí irọ́ mi."

Merewai ṣí ìwé rẹ̀, ó pa méjì rẹ́, ó kọ márùn-ún. Ó wọ ọkọ̀ lọ láìbojú wẹ̀yìn, Apisai ò sì jẹun fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, àbí mẹ́ta, ẹ mú èyí tó wù yín.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, sólà dé, Merewai bá a dé. Àwọn àgbà ní kó yan ẹni tó máa kọ́ ìtọ́jú bátìrì.

"Apisai ni. Ó ti sọ òótọ́ tó pa á lára rí."

Kí ọdún tó yí, Apisai àti àbúrò bàbá rẹ̀ gbé eyín àbùùbùtán lọ bá bàbá Merewai, torí eyín yẹn ni wọ́n fi ń tọrọ ọmọ fẹ́ níbẹ̀.

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ lo parọ́ fọ́mọ mi?"

"Èmi ni, sà."

"Merewai, ṣó o ti rò ó dáadáa?"

"Mo ti ṣírò rẹ̀, bàbá. Wàhálà ọdún àkọ́kọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí yóò bá mi kalẹ́."

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì, ó gba eyín náà. Merewai dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó lọ jókòó ti Apisai lórí ẹní.