Aṣọ tí Ọkàn Bàbá Wọ̀

Ẹnu Télọ̀ kún fún píìnì nígbà tí Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti etí aṣọ kan, tépù rọ̀ lọ́rùn rẹ̀, òwú funfun sì kún irun orí rẹ̀ bí ẹni tó ṣàdédé hu ewú. Nọ́ọ̀sì kí i, kò dáhùn. Ó tún kí i, ọkùnrin náà kàn ń mi orí, ó ń yí ojú.

"Ó dáa, ẹ má dá mi lóhùn," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mo ní sùúrù."

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ píìnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tán, ó ní, "Ẹ má bínú. Tí mo bá dá yín lóhùn nígbà yẹn, dókítà ló máa bá mi yọ èyí tí mo bá gbé mì."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì kó tó mọ̀.

Bẹ́líìtì tó já ni Nọ́ọ̀sì gbé wá fún rírán. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń bójú tó irú ẹ̀rọ yìí nílé ìwòsàn, ó sì fẹ́ràn wọn bí ìyá ṣe ń fẹ́ràn àbíkẹ́yìn. Nígbà tí Télọ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ó fa àga, ó jókòó.

"Àyà ni wọ́n ń so ó mọ́. Ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń wò ó bóyá ó ń fo lílù kan, ó ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó ń wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà! Aláìsàn á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, dókítà á sì máa rí i látọ̀ọ́kán."

"Ṣé ó mọ ohun tí ọkàn ń rò?"

"Rárá o. Ìyẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fẹnu sọ ọ́."

Bẹ́líìtì tó já lásìkò yẹn pọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn ò tíì já tí Nọ́ọ̀sì ti gbé wọn lọ. Kò pẹ́ tí Télọ̀ fi fẹnu sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń rò, Nọ́ọ̀sì náà sì sọ tirẹ̀. Inú wọn dùn ju kí ẹnu gbà á sọ.

Àmọ́ baba Nọ́ọ̀sì ń bẹ nílé. Ọ̀gá bíríkìlà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò ti jáde. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò sì sí ibi tó dé tí kì í ti í sọ pé, "Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni." Nígbà tí Télọ̀ wá tẹríba níwájú rẹ̀ láti sọ pé òun ń fẹ́ ọmọ rẹ̀, kò jẹ́ kó jókòó.

"Ẹni tó ń wọn ìbàdí obìnrin kiri? Kí n gbé bíríkì títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, kí ọmọ mi wá lọ máa ká òwú? Má wọ ilé mi mọ́!"

Lẹ́yìn ìyẹn ni òòyì kọ́ Bàbá, ó ṣubú ní pálọ̀. Dókítà ní kó wọ ẹ̀rọ yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn lè mọ ohun tó ń ṣe ọkàn rẹ̀, nítorí tó bá tún ṣubú, ó lè má dìde mọ́. Bàbá wo bẹ́líìtì náà, ó fà sẹ́yìn.

"Kọ́mú nìyí!"

"Bàbá, bẹ́líìtì ni."

"Kọ́mú ni! Ṣé lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi ni kí n ti wọ kọ́mú?"

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Àmọ́ bí ọ̀rẹ́ bá ti kan ilẹ̀kùn, Bàbá á bọ́ ọ, á tì í sábẹ́ tìmùtìmù. Tìmùtìmù ni ẹ̀rọ wá ń yẹ̀ wò. Dókítà pe Nọ́ọ̀sì: "Bàbá yín kú láàárọ̀, wọ́n jí lọ́sàn-án, wọ́n tún ti kú báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò wọ́n!"

Nọ́ọ̀sì sunkún dé ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. "Bàbá mi ò fẹ́ wọ bẹ́líìtì lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n máa kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ojú ayé."

Télọ̀ fa aṣọ funfun kan yọ, ó béèrè bí àyà Bàbá ṣe fẹ̀ tó, ó sì rán síńgílẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ ló rán bẹ́líìtì sí, ó ṣe àpò tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹ̀rọ níbi tó ti máa lẹ̀ mọ́ àyà dáadáa. Lóde, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

"Má sọ fún wọn pé èmi ni mo rán an," ló wí.

"Kí ló dé? Ó yẹ kí wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n lé!"

"Olólùfẹ́ mi, tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní wọ̀ ọ́. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ san owó iṣẹ́ mi. Èmi náà níyì lójú ara mi."

Nọ́ọ̀sì wò ó, orí rẹ̀ wú. Ọkùnrin tó wù ú láti máa fi yangàn nìyí.

Síńgílẹ́ẹ̀tì náà bá Bàbá mu rẹ́gí, kò sì bọ́ ọ mọ́. Ibi tó ti ń fi í ṣe fáàrí fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fo lílù léraléra, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ń já wálẹ̀. Dókítà rí i lójú ẹsẹ̀. Kí òòyì tó gbé e ṣubú, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti dé. Wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn sínú àyà rẹ̀, èyí tí á máa jí ọkàn náà tó bá fẹ́ tòògbé.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ní, "Ta ló rán síńgílẹ́ẹ̀tì yìí? Oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí, mo mọ iṣẹ́ gidi tí mo bá rí i."

Nọ́ọ̀sì ti ṣèlérí pé òun ò ní sọ. Kò ṣèlérí pé òun ò ní mú ẹnikẹ́ni dé ṣọ́ọ̀bù Télọ̀.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ya ẹnu. "Ìwọ?"

"Ẹ káàsán sà. Ẹ jókòó, ara yín ò tíì le tán."

"O mọ̀ pé èmi lo ń rán an fún?"

"Mo mọ̀ sà."

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ sí ọ?"

"Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ sà. Ọkàn yín ni mo ránṣọ fún. Òun ò ṣẹ̀ mí."

Bàbá jókòó wọ̀ọ̀. Ó ní, "Ẹyin lohùn. Tèmi bọ́ sílẹ̀, ó fọ́. Má bínú, ọmọ mi."

Télọ̀ dúpẹ́, ó kọjú sí Nọ́ọ̀sì. "Níwájú Bàbá ni mo ti ń béèrè. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti ń dúró látọjọ́ yìí," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màá fẹ́ ọ."

Bàbá ti dìde. Ó jáde sí ojú pópó, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó kù lè gbọ́.

"Ẹ wá wo ọkọ ọmọ mi o! Télọ̀ ni!"