Oníwàásù Tí Kò Ní Ìhìn Rere Lẹ́nu

Ọ̀rẹ́ mi, bí ó bá ti pẹ́ tí o ti ń gbọ́ ìwàásù, má ṣe rò pé ìtàn yìí kò kàn ọ́. Ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí gan-an, oníwàásù ni.

Káfíńtà ni Akínwálé Ọládòṣù nílùú Ẹdẹ. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, a máa lọ wàásù ní oríta Sekona, níbi tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ti ń dúró de ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. "Ajíhìnrere" ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ ọn.

Kí ni ó ń wàásù? Ọ̀tá ilé baba ni, àti àlá burúkú, àti bí ọ̀nà òkè òkun ṣe ń ṣí. Orúkọ Jésù wà níbẹ̀, òun ni ó fi ń parí àdúrà. Ṣùgbọ́n ohun tí Jésù wá ṣe láyé, kò ráyè sọ ọ́. Alàgbà kan nínú ìjọ rẹ̀ bi í léèrè rí. Èsì tí ó fọ̀ ni pé: "Bàbá, ọ̀rọ̀ àgbélébùú kì í pe èrò mọ́. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ?"

Àwáwù kò tíì gbọ́ ọ. Inú agbolé Mùsùlùmí kan ní Ẹdẹ ni wọ́n ti bí i, dùǹdú ni ó ń dín ní oríta náà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi gbọ́ gbogbo ìwàásù Akínwálé, tí ó sì ń ṣe àmín sí i.

Nígbà òjò, àìsàn kíndìnrín dá Àwáwù wó. Ó rán Ibtisam ọmọ rẹ̀ pé kí ó bá òun pe Ajíhìnrere wá sí ilé ìwòsàn. Orí Akínwálé wú. Ó wọ kóòtù, ó mú ìgò òróró dání, ó lọ.

Ohùn Àwáwù ti lọ sílẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo parọ́ mọ́ Fawziyah, orogún mi, pé ó fẹ́ fi májèlé pa ọmọ mi. Wọ́n lé e jáde tòun toyún. Oyún náà bàjẹ́ lára rẹ̀ kó tó dé ilé ìyá rẹ̀ ní Ara. Ó di ọdún mọ́kànlá báyìí. Ṣé ọ̀nà ṣì wà fún irú mi lọ́dọ̀ Ọlọ́run?"

Akínwálé gbé òróró sókè. "Gbogbo ọ̀tá tó wà nídìí àìsàn yìí…"

Àwáwù gbọ́wọ́ sókè díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò bi yín ní ti ọ̀tá. Èmi gan-an ni ọ̀tá."

Akínwálé ṣí Bíbélì. Ó ń ṣí i síwájú, ó ń ṣí i sẹ́yìn. Gbogbo ibi tí ó mọ̀ dáadáa, ti ìṣẹ́gun àti ìgbéga ni. Nínú ìwàásù ọdún mẹ́ta, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí obìnrin yìí lè dì mú lójú ikú.

Ìyá àgbà kan, Mojísọ́lá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn kejì. Ó rọra fa àpótí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ wọn.

"Ìyá Ibtisam, ọ̀nà wà," ni ó wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ yín wúwo, mi ò ní tàn yín. Ẹlẹ́ṣẹ̀ lèmi náà. Ìdí tí Jésù fi wá nìyẹn. Ó kú ikú tó tọ́ sí wa, Ọlọ́run sì jí i dìde. Ẹni tó bá ronú pìwà dà, tó gbẹ́kẹ̀ lé e, Ọlọ́run á dárí jì í."

"Títí kan èmi?"

"Títí kan ẹ̀yin."

Omijé ń dà lójú Àwáwù. Nígbà tó yá, ó kọjú sí Akínwálé. "Ajíhìnrere, ṣé ẹ̀yin náà mọ èyí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Akínwálé pa Bíbélì rẹ̀ dé. Ó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, kò lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju pé òun kò sọ ọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì tọ Kristi lọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́ṣẹ̀ rí. Ìyìn ènìyàn ni ó ń sìn.

Mojísọ́lá wá bá a. "Màmá, ojú ń tì mí," ni Akínwálé wí.

"Ó yẹ kó tì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Ohun tí mo sọ fún Ìyá Ibtisam, tìrẹ náà ni."

Akínwálé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì náà lójú gbogbo ènìyàn. "Jésù, orúkọ rẹ ni mo fi ń wá orúkọ fún ara mi. Ṣàánú mi."

Àwáwù fi ọkàn rẹ̀ fún Kristi. Ó ránṣẹ́ pe Fawziyah wá láti Ara, ó sì jẹ́wọ́ irọ́ náà fún un níwájú ọkọ àti ẹbí. Fawziyah dúró pẹ́ kí ó tó di ọwọ́ Àwáwù mú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àwáwù sùn nínú Olúwa.

Akínwálé padà sí oríta. Ó tọrọ àforíjì, ó sì sọ nípa Kristi tí ó kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan wọkọ̀ lọ. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí ji òun. Síbẹ̀ àwọn èrò ọdún mẹ́ta tí ó ti kọjá lọ lójú ọ̀nà náà, níbo ni yóò ti rí wọn?

Ìwọ tí ò ń kà á, bí o bá ń ru orúkọ Kristi, kí ni àwọn aládùúgbò rẹ ti gbọ́ lẹ́nu rẹ? Bí o kò bá sì tíì jẹ́ tirẹ̀, àmín tí o ń ṣe kò lè gbà ọ́. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́, Jésù sì kú fún ọ. Jẹ́wọ́ fún un níbi tí o jókòó sí yìí, kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Àwáwù lè béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún òun. Ìwọ kò lè béèrè bẹ́ẹ̀ mọ́.